Iyanrìn Àyà Rẹfirí

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Ire-Akari Estate,
Ìsọlọ̀, Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹta, Ọdún 2024.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Ọláyanjú,

Ẹ kú ààwẹ̀ o. Mo mọ̀ pé àná lẹ bẹ̀rẹ̀. Kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ gbogbo ilé. Ṣé ara Ìyá Fọlákẹ́ ti mókun? Orúnkún tó ń dà á láàmú nígbà tí a sọ̀rọ̀ lásìkò Kérésì ńkọ́, ṣé ó ti lè rìn dé mọ́ṣáláṣí báyìí? Fọlákẹ́ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Bó bá ti sọ̀ kalẹ̀, jọ̀wọ́ fi orúkọ ọmọ ránṣẹ́ sí mi kí n lè máa fi í sínú àdúrà. Èmi náà wà, mo dúpẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi ṣì ń gbọ́ràn sí oògùn lẹ́nu. Àwa náà wà nínú ààwẹ̀ tiwa ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀sẹ̀ kẹrin rèé.

Yóò yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ, tí mi ò pè ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé fóònù lánàá, tí mo tún gbé e sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, bí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, wàá kàn ní, "Kò burú, ẹ̀gbọ́n mi," ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe sọ fún mi ní ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Mi ò fẹ́ kí o tètè dá mi lóhùn lọ́tẹ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù tó kọjá. Ìdíje àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún ti ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan kó dé àṣekágbá, pápá tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ wa àtijọ́ ni wọ́n sì ti gbá a. Wọ́n ti mọ odi yí pápá náà ká báyìí, ṣùgbọ́n iyanrìn tó wà níbẹ̀ nígbà tiwa náà ló ṣì wà níbẹ̀. Salimat ni rẹfirí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, tíṣà ni ní Òkòtà, kò sì sí ẹni tó mọ òfin bọ́ọ̀lù tó o nínú gbogbo àwọn rẹfirí tí mo kọ́. Orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tí a fẹ́ fi ránṣẹ́ kí wọ́n lè máa fọn fèrè káàkiri ìpínlẹ̀.

Kóòṣì ẹgbẹ́ kìn-ín-ní ni Àyàntúndé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Òṣogbo tó ń fa wáyà iná sílé onílé. Kóòṣì ẹgbẹ́ kejì ni ẹni tí èmi àtìrẹ mọ̀: Bàbá Ògúnjìmí. Wọ́n ti pé ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin, wọ́n sì ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá síbẹ̀ lábẹ́ agboòrùn ńlá kan tí wọn kì í fi sílé.

Mo wà níbẹ̀, mi ò sì jìnnà sí wọn. Nígbà tí Salimat dé, nínú hìjáábù àti ẹ̀wù ilé rẹ̀, ó bá Bàbá lẹ́nu géètì, ó sì kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa. Wọ́n gbàdúrà fún un. Ó wọlé lọ pààrọ̀ aṣọ. Bó ṣe jáde nínú aṣọ rẹfirí, ó tẹrí ba díẹ̀ fún kóòṣì méjèèjì lọ́nà kan náà, kò kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ojú Bàbá yí padà.

"Ọmọ yìí, ṣé bí wọ́n ṣe ń kí bàbá nílé yín nìyẹn?"

Ọmọ náà ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Mo ti kí yín nígbà tí mo wọ aṣọ tèmi. Aṣọ yìí kì í ṣe tèmi."

Ọláyanjú, ara mi bù máṣọ. Kò sí ẹni tó mọ ìdí rẹ̀ níbẹ̀ bí kò ṣe èmi, àti Bàbá, bí wọ́n bá fẹ́ rántí.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àyàntúndé ju ike omi mọ́lẹ̀, ó ń pariwo pé ojú ń dun rẹfirí. Salimat fún un ní káàdì yẹ́lò. Kò pẹ́, Bàbá bú u ní aláìlẹ́kọ̀ọ́, ọmọ náà sì fún àwọn náà ní káàdì yẹ́lò. Ni ariwo bá ta. "Àǹtí rẹfirí, ẹ fojú àgbà wò ó o!" "Bàbá tó lè bí ìyá ẹ!" Kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n padà láti ìsinmi, Àyàntúndé sáré wọ pápá lọ bá a jà lórí bọ́ọ̀lù kan tó ní ó kọjá ìlà. Káàdì pupa. Ó pòṣé, ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde.

Ó wá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n parí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Bàbá fi ọwọ́ gba bọ́ọ̀lù mú, Salimat sì fún ẹgbẹ́ Àyàntúndé ní pẹ́náritì. Bàbá dìde. Wọn ò sáré o. Wọ́n rìn bí ẹni tó ń lọ sí oko tirẹ̀, wọ́n gbé agboòrùn wọ pápá, wọ́n fi ìdí rẹ̀ gúnlẹ̀ sí ojú àmì tí wọ́n ti ń gbá pẹ́náritì, wọ́n sì dúró lábẹ́ rẹ̀.

"Ó yá," wọ́n ní, "ẹ gbá mi mọ́ ọn."

Gbogbo pápá rẹ́rìn-ín. Salimat nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fa káàdì pupa yọ. Ẹ̀rín dá bí ẹni pa iná. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Bàbá dọ̀bálẹ̀ yí i ká nínú iyanrìn, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. Àwọn òǹwòran ń bẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan ti ń sunkún. Bàbá kò kúrò. Salimat wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko, lẹ́yìn náà ó fọn fèrè ìparí, ó sì kó bọ́ọ̀lù.

Ìgbìmọ̀ ìbáwí ló ní láti gbọ́ ẹjọ́ náà, èmi sì ni alága. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, kò sí ibi tí mo yà sí tí wọn ò ti bá mi sọ ọ́. Wọ́n ní ọmọ náà mọ òfin, kò mọ ènìyàn. Wọ́n ní ẹni tó bá fi òṣùwọ̀n kan náà wọn ọmọdé àti àgbà, kò ní làákàyè. Mo jẹ́wọ́ fún ọ pé ó tó ọjọ́ mélòó kan tí èmi náà fi ń rò ó bẹ́ẹ̀. Méjì nínú àwa márùn-ún ti pinnu pé kí káàdì Àyàntúndé dúró, kí a yọ ti Bàbá kúrò, kí a sì yọ orúkọ Salimat kúrò lára àwọn tó ń lọ sí ìpínlẹ̀. Ohùn tèmi ni wọ́n ń retí.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Bàbá Ògúnjìmí wá sílé mi. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Mo gbé omi fún wọn, wọn ò mu ún.

"Akin," wọ́n ní, "yọ káàdì mi kúrò. Fi ti ọmọ oníwáyà yẹn sílẹ̀ kí àwọn èèyàn lè rí i pé ẹ ṣiṣẹ́. Ọmọbìnrin yẹn, jẹ́ kó lọ sinmi fún ọdún kan, kó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ilé."

Mo ní, "Bàbá, ohun kan náà lẹ̀yin méjèèjì ṣe. Ẹ wọ pápá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ohun kan náà? Ní ọdún náà lọ́hùn-ún ńkọ́, ṣé o ò mọ ìyàtọ̀ láàárín èmi àti Tàjùdéèn? O mọ̀ ọ́n dáadáa nígbà náà. Ta ló sọ ohun tí wàá kọ sínú ìwé fún ọ? Àbí kí n bi àwọn yòókù nínú ìgbìmọ̀ yín bóyá wọ́n fẹ́ gbọ́?"

Wọ́n dé fìlà, wọ́n jáde.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí èmi àtìrẹ ò sọ ọ́ fún ara wa rí. Ní ọdún 1997, lórí pápá kan náà, èmi ni rẹfirí, ìwọ lo mú àsíá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Kí n tó fọn fèrè, mo lọ bá Bàbá Ògúnjìmí lórí ìjókòó wọn, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún wọn nínú aṣọ dúdú rẹfirí. Bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń ṣe. Àwọn ló gbà mí sílé nígbà tí mo dé láti Ìkẹ́rẹ́. Oṣù mẹ́rin ni mo fi sùn ní pálọ̀ wọn, àwọn ló sì bá mi wá iṣẹ́ tíṣà. Mo dìde, mo gbọn ọwọ́ mi, mi ò gbọn àyà. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n wọ pápá. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n fà mí létí, wọ́n ní, "Akin, ṣé o jẹun láàárọ̀ yìí?" Mo rẹ́rìn-ín, mo sì ní kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù lọ.

Tàjùdéèn, kóòṣì ẹgbẹ́ tó ń kojú ti Bàbá, kò wọ pápá. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni nígbà náà, iṣẹ́ táyà lílẹ̀ ló ń ṣe. Ẹ̀yìn ìlà ló dúró sí tó ti pariwo pé, "Rẹfirí, iyanrìn ṣì wà láyà yín! Ẹ gbọ̀n ọ́n dànù, ká lè mọ̀ pé àwa náà wà níbí!" Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Mo wo àyà mi, iyanrìn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ojú tì mí, mo sì sọ ìtìjú náà di káàdì pupa. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Ọwọ́ rẹ̀ ò kàn mí.

Àmọ́ o mọ ohun tí mo kọ. Pálọ̀ Bàbá ni mo ti kọ ọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Wọ́n ní ẹ̀fẹ̀ lásán ò tó lé ènìyàn kúrò nínú ìdíje, kí n kọ pé ó gbá mi létí. Àwọn ló sọ ọ́, ọwọ́ mi ló kọ ọ́. Ìgbà tí àwọn ọmọ ń ṣeré ìsinmi ni mo mú ìwé náà wá bá ọ ní kíláàsì. O ń máàkì iṣẹ́ ìṣirò. O kà á, o wò mí, o ní, "Sà, mi ò rí i kó gbá yín létí." Èmi, igbákejì ọ̀gá àgbà, mo sì ní, "Ọláyanjú, ìwé ìgbéga rẹ wà lórí tábìlì mi." O fọwọ́ sí i. O ní, "Kò burú, ẹ̀gbọ́n mi." Kí sáà náà tó parí, o ti gba ìwé ìṣípòpadà lọ sí Ẹdẹ. Mo sọ fún gbogbo èèyàn pé àárò ilé ló ń sọ ọ́.

Wọ́n lé Tàjùdéèn títí ayé. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé lónìí: ẹni tó gbá rẹfirí létí.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lójú ọ̀nà Àìlégún. Ó ń ri tíúbù bọ inú omi, ó ń wá ibi tó ti ń jò.

"Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Ọkọ̀ yín dà?"

Mo ní, "Mi ò gbé ọkọ̀ wá. Èmi ni Oyèlékè. Rẹfirí."

"Mo mọ̀ yín," ó ní, kò gbójú sókè. "Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń rí yín. Òdìkejì títì lẹ máa ń gbà kọjá."

Òótọ́ ni. Mo ní, "Mo wá bẹ̀ ọ́ ni. Irọ́ ni mo kọ mọ́ ọ. O ò fọwọ́ kàn mí."

Ó yọ tíúbù náà kúrò nínú omi, ó gbé e kalẹ̀. "Àjíbíkẹ́!" Ìyàwó rẹ̀ jáde láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ọṣẹ wà lápá rẹ̀. Ó ní, "Ẹ tún un sọ, Bàbá, kí obìnrin yìí gbọ́." Mo tún un sọ. Obìnrin náà wò mí títí tí mi ò mọ ibi tí màá fi ojú sí.

"Ọdún mẹ́ta ni bàbá mi fi kọ̀ ọ́," ó ní. "Wọ́n ní àwọn ò ní fọmọ fún ẹni tó ń gbá àgbà létí. Wọ́n ti kú. Wọn ò gbọ́ èyí tí mo gbọ́ yìí."

Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Tàjùdéèn di apá mi mú, ọwọ́ rẹ̀ le bí irin.

"Rárá o! Ẹ má dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ṣebí ìdọ̀bálẹ̀ yín náà ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ibi tí ẹ ti kọ ọ́, ẹ lọ pa á rẹ́ níbẹ̀."

Kò sọ pé òun dárí jì mí, mi ò sì béèrè. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ máa ń bá a. Tèmi lé ní ogún, torí èmi ni mo ń di òtítọ́ náà lẹ́sẹ̀ mú.

Ní Sátidé, a jókòó nínú yàrá ìpàdé kan lókè ilé ìtajà ní Àgọ́ Palace. Salimat jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí itan. Àyàntúndé wà níwájú rẹ̀. Bàbá Ògúnjìmí fi agboòrùn wọn lélẹ̀ sẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, wọ́n sì ń wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tó fẹ́ ka ìwé sókè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ṣí ìwé ẹjọ́, mo tún pa á dé. Mo dìde.

Mo ní, "Kí a tó gbọ́ ẹjọ́ ọmọ yìí, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tèmi." Mo sì sọ ọ́, láti orí iyanrìn dé orí ìwé. Nígbà tí mo dé ibi pálọ̀, Bàbá fi ọwọ́ lu tábìlì.

"Akin! Ṣé orí ẹ pé? Ìwọ tí mo fi oúnjẹ ilé mi bọ́?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Mo jẹ ẹ́, mo sì dúpẹ́. Ọmọ ọlọ́mọ ni mo fi dúpẹ́ yẹn."

Ìyáàfin Ọmọ́bọ́lájí, igbákejì alága, obìnrin tó ti fọn fèrè fún ọdún méjìlá, ní kí n fi àga alága sílẹ̀, kí n sì jáde. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn fún wákàtí kan ó lé. Mo ń gbọ́ ohùn, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀. Ohùn Bàbá ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀. Nígbà kan, mo gbọ́ tí ọkùnrin kan ń pariwo pé wọ́n fẹ́ ba àṣà jẹ́. Ẹ̀rù Salimat ló ń bà mí jù. Mo rò pé bóyá ìjẹ́wọ́ mi ti dá kún ẹrù rẹ̀, torí èmi ni mo kọ́ ọ.

Nígbà tí wọ́n pè mí wọlé, Ìyáàfin Ọmọ́bọ́lájí ka ìpinnu. Mẹ́ta sí ọ̀kan ni wọ́n fi gbà á. Káàdì méjèèjì dúró, torí ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni. Ṣùgbọ́n Àyàntúndé jáde nígbà tí wọ́n ní kó jáde, nítorí náà ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan péré ni kò ní sí níbẹ̀. Bàbá di eré lọ́wọ́ títí ó fi bàjẹ́, mẹ́rin ni tiwọn. "Ọjọ́ orí kò sí nínú ìṣirò yìí," obìnrin náà ní, "ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe lẹ́yìn tó rí káàdì ló wà níbẹ̀." Orúkọ Salimat yóò lọ sí ìpínlẹ̀. Wọn yóò padà wá gbá ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kù, láti orí pẹ́náritì náà. Bàbá gbé agboòrùn wọn, wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọn ò wò mí. Ó dùn mí, Ọláyanjú. Mo ṣì fẹ́ràn wọn.

Wọ́n yọ mí kúrò nínú ìgbìmọ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó ku Tàjùdéèn. Nǹkan tí mo ṣe ń kọ ìwé sí ọ nìyí. Ìyáàfin Ọmọ́bọ́lájí gbé ìwé àtijọ́ náà jáde, ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Ó ní ọwọ́ ènìyàn méjì ló wà nídìí rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo kò sì lè fagi lé e, pàápàá ẹni tó ti gbà pé òpùrọ́ lòun. Ó bi mí, ta ni ẹnì kejì? Orúkọ rẹ wà níbẹ̀, mi ò lè fi pamọ́. Mo sọ fún wọn pé ọmọ iṣẹ́ mi ni ọ́ nígbà náà, pé mo fi ìgbéga rẹ halẹ̀ mọ́ ọ, àti pé o sọ ohun tí o rí fún mi kí o tó fọwọ́ sí i. Wọ́n fún wa di ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù yìí. Bí wọn ò bá gbọ́ láti ẹnu rẹ, ìwé náà yóò dúró bó ṣe wà.

Mo mọ ohun tí mo ń gbé lé ọ lọ́rùn. Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ ni ọ́ báyìí, àwọn ará mọ́ṣáláṣí rẹ sì ń fi ọ́ ṣe àwòkọ́ṣe. Bí o bá kọ̀, mi ò ní bínú, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá ọ lẹ́bi ṣáájú mi. Mo kàn bẹ̀ ọ́ pé kí o má dá mi lóhùn kí o tó rò ó dáadáa.

Bébà kan wà nínú àpò ìwé yìí pẹ̀lú lẹ́tà mi. Yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, yẹ iwájú rẹ̀ wò: mi ò kọ nǹkan kan sí i. Bí wàá bá kọ ọ́, kọ ohun tí ojú rẹ rí. Bó bá sì jẹ́ pé òfìfo ni wàá dá a padà, màá gbà á bẹ́ẹ̀. Mo ti kọ ìwé fún ọ rí kí o fọwọ́ sí i. Mi ò tún jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé.

Bá mi kí Ìyá Fọlákẹ́, bá mi kí gbogbo àwọn ọmọ. Bí o bá ń ṣínu lálẹ́, má ṣe yọ mí kúrò nínú àdúrà rẹ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, tí kì í ṣe ọ̀gá rẹ mọ́,

Akíntáyọ̀ Oyèlékè